Alùpùpù Àkọ́kọ́: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ?

Ẹ̀kọ́ wa tòní wà fún ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì àkọ́kọ́, àti fún òbí tó fẹ́ tọwọ́ bàpò fún un.

1. Ìwé ló ṣáájú. Bí ẹ tiẹ̀ gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́wàá n'Íbàdàn, òfin ìhín yàtọ̀. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tí wọ́n kọ alùpùpù sí ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé ibí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ óò gba láísẹ́ǹsì provisional, ẹ ó sì ṣe ẹ̀kọ́ CBT, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ọdún 2 ni ìwé CBT ń lò. Ẹni tó ní CBT nìkan gbọ́dọ̀ lẹ àmì L níwájú àti lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ wọ motorway, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ì báà ṣe Màmá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

2. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe tó. Ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ kọjá 50cc. Láti ọdún 17, ó lè gun 125cc. Ó di ọdún 19 kó tó lè ṣe ìdánwò èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ọdún 24 kó tó lè lọ tààrà sí èyí tó wù ú. Ẹ má ra 600cc fún ọmọ ọdún 18 o. 125cc tó gbé e láti Peckham dé Croydon.

3. Gíga àti ìwúwo. Kó jókòó lé e: ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa? Kó tì í síwá sẹ́yìn. Èyí tí kò bá lè tì nínú ṣọ́ọ̀bù, kò ní lè tì í nínú òjò. Scooter tí kò ní gíà rọrùn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Old Kent Road, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ṣe ìdánwò kò ní lè gun oní-gíà.

4. Tòkunbọ̀. Ẹ wo ìwé V5C, kí nọ́ńbà ara máṣíìnì bá a mu. Ẹ yẹ MOT rẹ̀ wò lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Láti 29 August 2023, ULEZ ti kárí gbogbo London. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú July 2007 ń san £12.50 lójúmọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde. Olówó pọ́ọ́kú lè di gbèsè.

5. Ìnṣọ́ránsì àti iṣẹ́. Ẹ bèèrè iye ìnṣọ́ránsì kí ẹ tó sanwó máṣíìnì. Ẹni tó fẹ́ máa gbé oúnjẹ kiri gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ti iṣẹ́ náà. Ti lásán kò bò ó. Ẹ̀yin tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o: físà yín kò gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ ara-ẹni, bẹ́ẹ̀ irú iṣẹ́ yẹn sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ yìí. Ẹ má yá àkáǹtì ẹlòmíràn lò. Kí owó ọ̀sẹ̀ kan má lọ ba físà jẹ́.

6. Akoto. Ó ti di dandan láti 1973. Ẹ má ra àlòkù, nítorí ojú kì í rí ibi tó ti sán nínú. Ẹ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀, pẹ̀lú ti ìbọ̀wọ́ àti ṣéènì tí olè kò ní tètè gé, kí ẹ tó yan máṣíìnì.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àlọ yín á dára, àbọ̀ á sunwọ̀n o.