Àgbàdo Nínú Kíláàsì: Bí A Ti Lè Kọ́ Ọmọdé ní Ìtumọ̀ Iye

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá kọ iye mẹ́wàá sí ojú pátákó, tí a sì ní kí àwọn ọmọ wá ìpíndọ́gba wọn, wọn yóò rò wọ́n pọ̀, wọn yóò sì pín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé, “Kí ni iye yìí ń sọ fún wa?” ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́. Èrò tiwa ni pé kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ohun tí a ń kà jọ, kí a tó fún un ní òfin ìṣirò. Àgbàdo lásán tó fún iṣẹ́ náà.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àgbàdo gbígbẹ kan wá, èyí tí a ti bó háhá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí hóró rẹ̀ ṣì wà lára ṣùkù. Kí ó kọ́kọ́ sọ iye ìlà hóró tí ó rò pé ó yí i ká, nítorí ẹni tí ó ti sọ tẹnu rẹ̀ ni yóò fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi èédú sàmì sí ìlà kan, kí ó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì kà yípo ní agbedeméjì, nítorí ìlà a máa dàrú ní ṣóńṣó.

Nígbà tí gbogbo wọn bá parí, kí wọ́n to àgbàdo wọn sílẹ̀: àwọn onílà 12 ní ọ̀wọ́ kan, onílà 14 ní òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ tí ó gùn jù yóò fi ara rẹ̀ hàn. Àwọn ọmọ yóò sì kíyè sí i pé a kì í sábà rí onílà 13 tàbí 15. Ìdí rẹ̀ ni pé méjì méjì ni àwọn ìtànná tí yóò di hóró ń yọ lára ṣùkù. Bí ọmọ kan bá sọ pé 13 ni tòun, kí a má bá a wí, kí a má sì yí iye rẹ̀ padà fún un. Kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àgbàdo 10 ni a ní: 6 jẹ́ onílà 12, 3 jẹ́ onílà 14, 1 sì jẹ́ onílà 16. Àpapọ̀ ìlà wọn jẹ́ 130. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 13. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbàdo onílà 13 kan nílẹ̀! Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 12. Bí a bá sì tò wọ́n láti orí èyí tí ìlà rẹ̀ kéré jù, àwọn méjì tí ó bọ́ sí àárín jẹ́ 12 pẹ̀lú. Níbí ni ọmọ yóò ti mọ̀ pé ìpíndọ́gba lè fi ohun kan pamọ́ bí ó ti ń fi òmíràn hàn.

Lẹ́yìn náà, kí a yọ hóró kúrò lára ṣùkù. Kí a ka hóró funfun 300 sínú igbá, kí a sì da hóró pupa 100 lé e lórí. Ọmọ tí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lórí yóò rò pé pupa ni gbogbo rẹ̀. Nígbà náà kí a pò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dijú mú 40, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì dá a padà. Nǹkan bí 10 ni a ń retí pé yóò jẹ́ pupa; ẹgbẹ́ kan lè rí 8, òmíràn 12, ṣùgbọ́n bí a bá pa ti gbogbo wọn pọ̀, yóò súnmọ́ ìdámẹ́rin. Ẹni tí ó bi kìkì àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin léèrè kò tíì gbọ́ ohùn ìlú.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní ọdún 1962 a ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà. Àríyànjiyàn dìde, a fagi lé iye náà, a sì tún wọn kà ní 1963. Ìyẹn náà kò parí ìjà. Ní 2006 a kọ 140,431,790 sílẹ̀, àwọn kan sì tún kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ń wo irú iye bẹ́ẹ̀ láti pín apá kan nínú owó ìjọba, àti àga àwọn aṣòfin pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ kíláàsì wa ni yóò máa kà lọ́la, àwọn náà ni a ó sì máa kà. Bí wọ́n bá ti kọ́ lára àgbàdo pé a kì í fi kún iye, a kì í sì í yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí kí ó lè bá ìfẹ́ wa mu, yóò ṣòro láti fi iye èké tàn wọ́n jẹ; yóò sì ṣòro fún àwọn pẹ̀lú láti fi tan ẹlòmíràn jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí igbá àti àgbàdo ṣáájú pátákó.