Dìgírì Kẹ́mísírì: Kí Ni A Ń Kó Jọ Kí A Tó Gbà Á?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní ẹ̀ka kẹ́mísírì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tiyín ni ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rò pé bí ọdún mẹ́rin bá ti pé, dìgírì ti bọ́ sí ọwọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kì í ka ọdún nìkan, yúnìtì ni ó ń kà. Àjọ ni dìgírì: ẹni tí kò bá dá tirẹ̀ pé kò lè kó o. Bí yúnìtì 2 péré bá kù fún ènìyàn ní ìpele kẹrin, yóò máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, òun yóò sì tún padà wá san owó ilé ọdún mìíràn.

Kí ni yúnìtì?

Lábẹ́ ìlànà NUC, tí ó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ọ̀sẹ̀ 15 ni sẹ̀mẹ́sítà kan. Wákàtí 1 lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì ni yúnìtì 1, ìyẹn wákàtí 15 ní sẹ̀mẹ́sítà. Ti lábù yàtọ̀: wákàtí 3 lọ́sẹ̀, ìyẹn 45 ní sẹ̀mẹ́sítà, ni wọ́n ń kà sí yúnìtì 1. Nítorí náà, ẹ má fi ojú kékeré wo kọ́ọ̀sì lábù.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún kì í dín sí yúnìtì 15, kì í sì í ju 24 lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Ìdí nìyí tí kò fi ṣe é kó kárí-ófà jọ de ìpele kẹrin. Àyè lè má gbà á mọ́.

Ẹ̀ka mẹ́rin inú kẹ́mísírì

Ẹ jẹ́ kí a fi ọṣẹ dúdú ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá wa a jó èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sẹ́ omi eérú rẹ̀, a sì sè é pọ̀ mọ́ àdín. Iyọ̀ pòtásíọ̀mù tí ó wà nínú eérú jẹ́ ti inorganic. Bí àdín ṣe ń yí padà di ọṣẹ jẹ́ ti organic, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa èròjà tí kábọ̀n wà nínú wọn. Bí iná ṣe ń mú kí ó tètè di ọṣẹ jẹ́ ti physical. Wíwọn bí agbára omi eérú náà ṣe tó jẹ́ ti analytical. Ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni a ń gòkè nínú wọn láti ìpele kejì lọ. Ìṣirò ìpele kìíní ni òpó physical. Ẹni tí ó bá sá fún MTH 101 yóò tún bá a pàdé níwájú.

Kànńpá àti àṣàyàn

Kọ́ọ̀sì kànńpá kò ní ìrọ́pò: bí o bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Àwọn mìíràn jẹ́ ìlẹ̀kùn: bí o kò bá yege nínú wọn, wọn kò ní jẹ́ kí o wọ èyí tí ó tẹ̀ lé wọn. Àṣàyàn ni ó fi ọ́ sílẹ̀ láti mú èyí tí ó wù ọ́. Lẹ́yìn èyí ni SIWES, iṣẹ́ kíkọ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1973, àti iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ní ìpele kẹrin. Ẹ máa kọ ìwé àkọsílẹ̀ SIWES lójoojúmọ́. Yúnìtì wà lórí rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún GST

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé GST kì í ṣe kẹ́mísírì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gba èsì yìí, tí A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, F sì jẹ́ òdo:

CHM 101, yúnìtì 2, A: 10
MTH 101, yúnìtì 2, C: 6
PHY 101, yúnìtì 2, B: 8
CHM 107, yúnìtì 1, A: 5
GST 111, yúnìtì 2, F: 0

Àpapọ̀ jẹ́ 29. Bí a bá fi yúnìtì 9 pín in, ó di 3.22. Bí ó bá jẹ́ pé C ni ó gbà nínú GST, 35 ni ìbá jẹ́, ìyẹn 3.89. Ní yunifásítì tí ó ń lo òṣùwọ̀n 5, 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì ti òkè, 2.40 sí 3.49 ni ti ìsàlẹ̀. GST kan ṣoṣo ni ó já a bọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, bí o tilẹ̀ tún un ṣe tí o sì yege, F àkọ́kọ́ kò kúrò nínú ìṣirò.

Ẹ̀yin tí ẹ gba Direct Entry wọ ìpele kejì, ẹ bèèrè bóyá GST ìpele kìíní wà lọ́rùn yín.

Ìwé ìlànà ta ni ẹ ń lò?

Àwọn kan nínú wa ń lo ìwé ìlànà tí ẹ̀gbọ́n wọn mú wá láti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Ó léwu. Nínú ìlànà tí NUC gbé jáde ní ọdún 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ náà ni NUC là sílẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un. Kànńpá Ìbàdàn lè má sí níbí, kànńpá ibí sì lè má sí ní Ìbàdàn.

Nítorí náà:
1. Ẹ gba ìwé ìlànà ẹ̀ka yín níbí, ti ọdún tí ẹ wọlé gan-an.
2. Ẹ kọ gbogbo kọ́ọ̀sì kànńpá sílẹ̀, kí ẹ máa fàlà sí èyí tí ẹ bá ti yege nínú rẹ̀.
3. Ẹ rí olùdámọ̀ràn yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.
4. Ẹ tètè ṣe kárí-ófà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà ní ìpele kẹta àti ìkẹrin, bí àbúrò bá bèèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn. A ó jọ kó àjọ wa pé o.