Ìwádìí Nípa Àwọn Ọ̀dọ́ Tí A Ń Fi Àwọn Ọmọdé Lé Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú àwẹ̀ ogójì ọjọ́, nígbà tí Ìjọ bá ń yan àwọn tí yóò gba Ìrìbọmi ní òru Àjíǹde, àwọn òbí yín nínú Ìrìbọmi ni a óò bi léèrè níwájú gbogbo ènìyàn. A óò ní kí wọ́n sọ bóyá ẹ ti fetí sí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tọkàntọkàn, bóyá ìwà yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mu, bóyá ẹ ń bá àwọn ará gbàdúrà. Àwọn mìíràn rò pé ayẹyẹ lásán ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé àtijọ́ kan wà tí a ń pè ní Àṣà Àwọn Àpọ́sítélì, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta. Ó fi hàn pé nígbà náà, ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn wá gbọ́ ẹ̀kọ́ ni yóò jẹ́rìí sí i. Wọn a béèrè bí ó ti ń gbé ayé rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí iṣẹ́ náà kò bá yẹ Kristiẹni, yóò fi í sílẹ̀, tàbí kí a dá a padà.

Ìwádìí tí ẹ̀kọ́ tòní dá lé lórí jọ èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15, 16 tàbí 17 ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù láàrin àwọn ọmọdé. Àwọn ni ó ń darí eré àti orin nínú ẹgbẹ́ Cœurs Vaillants àti Âmes Vaillantes. Àwọn ni ó ń kọ́ àwọn kéékèèké tí ń ṣèránwọ́ níbi pẹpẹ, tí ó sì ń bá wọn sùn ní àgọ́ nígbà ìsinmi ńlá. Púpọ̀ nínú yín ni a óò pè sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Ìrìbọmi, nítorí ìtara ẹni tuntun dára fún un. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ọmọ ọlọ́mọ lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ojú àbùkù ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo ìbéèrè yìí. Wọn a ní: «Ta ni ọmọ mi jí nǹkan rẹ̀, tí ẹ fi ń wádìí rẹ̀ kiri?» Kí wọ́n rántí bí àwọn baba wa ti ń ṣe ìgbéyàwó. Kò sí ilé tí ó ń fi ọmọbìnrin fún ọkọ láìwádìí. Alárinà a lọ, a bọ̀. A béèrè bóyá àrùn kan ń bá ìdílé náà jà, bóyá wọ́n jẹ́ oníjà, bóyá gbèsè wà lọ́rùn wọn. Ìdílé ọkọ kò ka èyí sí èébú rárá. Bí a kò bá béèrè ni ọkàn wọn kì í balẹ̀, wọn a máa sọ pé bóyá ọmọ náà ti sú àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ń fi hàn pé ohun tí òun fẹ́ fi sílẹ̀ níye lórí.

Ìwé Mímọ́ náà mọ irú ìbéèrè yìí. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn ìyípadà rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ba gbogbo ọmọ-ẹ̀yìn, wọn kò sì gbà pé ọmọ-ẹ̀yìn ni òun náà. A kò rí i kà pé Ọlọ́run bá wọn wí fún ẹ̀rù yẹn; ohun tí Sọ́ọ̀lù ti ṣe kì í ṣe ohun kékeré. Bánábà ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn Àpọ́sítélì, tí ó ròyìn ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fún wọn (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:26-27). Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bá wọn wọlé, tí ó ń bá wọn jáde. Bákan náà, nígbà tí a fẹ́ yan àwọn méje tí yóò máa pín oúnjẹ fún àwọn opó, àwọn tí a jẹ́rìí rere sí ni a ní kí wọ́n wá (Ìṣe 6:3). Bí a bá béèrè ẹ̀rí lórí oúnjẹ, mélòó mélòó lórí ọmọ ènìyàn?

Ìtàn Élì ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ kà jù lọ, nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 2 àti 3. Àwọn ọmọ Élì ń hùwà ìbàjẹ́ nínú ilé Ọlọ́run, láàrin àwọn tí ó wá rúbọ àti àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ fún bàbá wọn. Élì bá wọn wí lẹ́nu, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ sí ipò wọn. Ní ilé kan náà ni ọmọdé kan wà tí ìyá rẹ̀ ti fi fún Ọlọ́run, Sámúẹ́lì, tí ó ń sùn nínú tẹ́ḿpìlì. Ẹ ronú sí i: àwọn tí ó wà nítòsí ọmọ náà ni àwọn tí gbogbo ìlú ti kìlọ̀ nípa wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kà sí Élì lọ́rùn ni pé ó mọ̀, kò sì dá wọn dúró.

Ìbéèrè: Ṣé ìwé ìjọba kò tó láti mọ ẹni tí ó dára?

Ìdáhùn: Kò tó, pàápàá fún ọ̀dọ́. Àgbàlagbà tí ń wá iṣẹ́ ìjọba máa ń mú ìwé tí a ń pè ní casier judiciaire wá, èyí tí ó ń sọ bóyá ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin àwọn ọmọdé ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, àti ní Tógò, èyí tí ó jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2007, ka ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Adájọ́ àwọn ọmọdé ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ, a sì ń bo orúkọ rẹ̀, kí àṣìṣe ìgbà èwe má baà ba ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ jẹ́. Òfin náà dára. Àmọ́, ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé ìwé ọmọ ọdún 16 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mọ́ nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ ọmọ rere, ì báà jẹ́ ọmọ tí ó ti pa ẹlòmíràn lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbi tí ìwádìí yìí ti gbilẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àjọ ìjọba kan tí a ń pè ní DBS ni ó ń ṣe é, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó iṣẹ́. Síbẹ̀, a kò lè béèrè ìwé náà fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 16. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 pàápàá, ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá bá ṣe fún ọmọdé kì í hàn fúnra rẹ̀ nínú ìwé náà mọ́.

Ìwé tí ó mọ́ sì lè tan ènìyàn jẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, ní ìlú Soham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń tọ́jú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ pa ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10. A wádìí rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, a kò rí nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ tí ó jábọ̀ ní ọdún 2004 rí i pé oríṣiríṣi ẹ̀sùn nípa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nípa rẹ̀ ní agbègbè tí ó ti wá. Wọn kò pa àkọsílẹ̀ náà mọ́ dáadáa, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbà á. Ìwé náà mọ́ nítorí pé ẹnu dákẹ́.

Nítorí náà, fún ọ̀dọ́, ẹ̀rí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ṣe pàtàkì jù. Kí àwọn tí ń darí iṣẹ́ ọmọdé bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ìjọ mìíràn wá, kí a kọ lẹ́tà sí Àlùfáà ibẹ̀, kí a sì dúró de èsì. Kí a bi ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀: kí ló dé tí o fi fẹ́ iṣẹ́ yìí? Kí ni ìwọ yóò ṣe bí ọmọ kan bá ń sunkún tí kò fẹ́ sọ ohun tí ó ṣe é? Kí ó kọ́kọ́ ṣe oṣù mélòó kan lábẹ́ ojú àgbàlagbà. Pọ́ọ̀lù náà ní kí a dán àwọn díákónì wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ (Tìmótíù Kìíní 3:10).

Ohun kan ń bà wá nínú jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà mìíràn, ọmọ alága ìjọ a wọlé láìsí ìbéèrè kan, nígbà tí a óò máa da ìbéèrè bo ọmọ-iṣẹ́ tálákà tí ó wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní abúlé. Èyí kò tọ́. Bí a óò bá béèrè, kí a béèrè lórí gbogbo ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ ẹni tí ó níyì jù. Ọmọ-iṣẹ́ náà ní ọ̀gá, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní Mísà. Ẹ̀rí wọn tó.

Ìwádìí nìkan kò sì lè dáàbò bo ọmọdé. Bí a ti ṣètò iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì bákan náà: kí àgbàlagbà méjì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ọ̀dọ́ má ṣe mú ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ibi kọ̀rọ̀, kí ó má sì máa fi tẹlifóònù ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sí i. Ètò yìí ń dáàbò bo ọ̀dọ́ náà pẹ̀lú. Ọmọdé ni òun náà níwájú òfin. Kò yẹ kí a fi ọgbọ̀n ọmọ sílẹ̀ fún un láti dá tọ́jú, tàbí kí a fi í sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí bí ẹnì kan bá parọ́ mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Bí Ìrìbọmi bá wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ nù, èé ṣe tí a tún fi ń béèrè ohun tí ẹnì kan ti ṣe sẹ́yìn?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni a ń gbọ́ jù lọ́dọ̀ àwọn tí ń múra sílẹ̀ bíi tiyín, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn kedere. Òtítọ́ ni pé Ìrìbọmi ń nu gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà 1263. Ní nọ́ńbà 1264, ó fi kún un pé àwọn àbájáde ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣì kù nínú ẹni tí a rì bọmi: àìlera ìwà, àti ìfẹ́ ọkàn tí ń fà á sí ẹ̀ṣẹ̀, tí yóò máa bá jà. Ìdáríjì jẹ́ ẹ̀bùn tí Ọlọ́run ń fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Iṣẹ́ láàrin àwọn ọmọdé kì í ṣe ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí; nítorí àwọn ọmọ ni a ṣe ń yan ènìyàn sí i. Ẹni tí ó jẹ owó èsúsú, tí ẹgbẹ́ sì dárí jì, ó ti padà di ọmọ ẹgbẹ́. Kì í ṣe òun ni a óò fi àpótí owó lé lọ́wọ́. Kò túmọ̀ sí pé a kò dárí jì í.

Kí a sì mọ ìyàtọ̀. Ọmọ tí ó jà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 13, tàbí tí ó jí owó ìyá rẹ̀, lè di olùdarí rere ní ọdún 17. Èyí tí ó ti fi ọwọ́ kan ọmọdé ní ọ̀nà tí kò tọ́, iṣẹ́ mìíràn ni kí a wá fún un, ní ibi tí kò ti ní máa bá àwọn ọmọ kéékèèké dá wà, kí a sì wá ìrànlọ́wọ́ fún òun náà. Kí a má ṣe pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀rù a tún máa ba àwọn kan pé ohun tí wọ́n bá jẹ́wọ́ fún Àlùfáà yóò di ara ìwádìí. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Èdìdì ìjẹ́wọ́ kò ṣeé já, òfin Ìjọ (kánónì 983 àti 984) kò sì jẹ́ kí Àlùfáà lo ohun tí ó gbọ́ níbẹ̀ láti fi ṣàkóso tàbí láti fi yan ènìyàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn mìíràn, tí wọ́n rí i lójú, tí wọ́n sì gbọ́ ọ létí, sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn náà sì wá kàn yín báyìí. Bí a bá bi yín léèrè nípa ọ̀rẹ́ yín, ẹ rántí òfin kẹjọ, èyí tí ó kọ ẹ̀rí èké. Yíyin ẹni tí a mọ̀ pé kò yẹ, ẹ̀rí èké ni, bí bíba ẹni rere jẹ́ ti jẹ́ ẹ̀rí èké. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́ lójú ọ̀nà odò. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ láti béèrè, kì í ṣe ní ọjà. Bí ọmọdé kan bá sì sọ fún yín pé ẹnì kan ń ṣe òun níbi, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí a óò bi yín. Ẹ sọ fún àgbàlagbà tí ẹ fọkàn tán àti fún ọlọ́pàá. Nọ́ńbà 138 wà fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 1011 sì wà ní Tógò. Bí òjíṣẹ́ Ìjọ ni ẹni náà, òfin Vos estis lux mundi, tí Póòpù Francis gbé jáde ní ọdún 2019, tí ó sì tún ṣe ní ọdún 2023, pa á láṣẹ pé kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi olùkọ́ katikísìmù yín léèrè ibi tí ó wà ní dáyósíìsì yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí.