Ẹ Wo Ohun Tí Abo Ẹ̀gà Ń Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń dẹnu ìfẹ́ kọ ara yín lórí fóònù tọ̀sán-tòru, mo ní ọ̀rọ̀ í bá yín sọ, ẹyẹ ni mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ní kí ni ẹyẹ mọ̀ nípa ìfẹ́sọ́nà? Ó mọ̀ ju ẹni tó yáwó ra fóònù fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ.

Aláriwo la mọ ẹ̀gà sí. Ṣùgbọ́n ariwo kọ́ ni abo rẹ̀ ń wá. Nígbà òjò, akọ ẹ̀gà, èyí tí orí rẹ̀ dúdú tí ara rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè, á fi ẹnu gé etí imọ̀ ọ̀pẹ, á dì í mú, á sì fò lọ. Bó ti ń fò ni fọ́nrán ewé gígùn á máa ya tẹ̀lé e. Fọ́nrán yìí ló fi ń hun ilé. Á kọ́kọ́ hun òrùka kan, á dúró sínú rẹ̀. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá nà dé ni ògiri máa dé. Kò sí àtè, kò sí amọ̀, híhun àti síso lásán ni. Bó bá parí, á sorí kodò sábẹ́ ilé náà, á máa ju apá, á máa ké pe abo.

Abo á dé, kò níí dá a lóhùn. Inú ilé ló máa wọ̀ tààrà. Á fi ẹnu fa ewé ibí, á fa tọ̀hún, á wò ó bóyá ó dáńgájíá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jáde, ó di ilé ẹlòmíràn. Tọkọtaya onímọ̀ kan ní Los Angeles, Nicholas àti Elsie Collias, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹ̀gà, rí i pé ilé tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ ni abo ń yàn ju èyí tó ti gbẹ lọ. Ilé tí abo kankan kò bá gbà, akọ fúnra rẹ̀ ló máa ń tú u palẹ̀, á sì tún òmíràn hun síbẹ̀.

Ìwọ ọmọkùnrin, ṣé o gbọ́? Kò bá abo jà. Kò lọ sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé obìnrin ayé ìsinsìnyí, owó ni wọ́n ń wá. Ilé ló tú. Bí ọmọbìnrin bá ní rárá, rárá náà ni. Padà lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ilé tí ọ̀dọ́ ẹ̀gà kọ́kọ́ ń hun máa ń rí játijàti, àṣetúnṣe ló ń sọ ọ́ di ọ̀gá.

Ìwọ ọmọbìnrin, kò sí àìlójútì nínú kéèyàn fa ewé wò. Béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Béèrè gbèsè tó jẹ. Wo bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti bó ṣe ń dá ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá lóhùn. Àwọn àgbà tí wọ́n ń rán alárinà lọ wádìí ilé kò gọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa iye aya akọ ẹ̀gà o. Bí ọ̀kan bá ti wọlé ló ti ń hun ilé de òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ wò, mi ò ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e dé ìyẹ̀wù.

Ti àkùkọ kò gùn. Bó bá rí kòkòrò, á ké kọ-kọ-kọ, á gbé e sókè, á sọ ọ́ sílẹ̀, títí abo á fi sáré wá jẹ ẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń ké bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan nílẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti kíyè sí i pé ìgbà tí abo bá jìnnà, tí kò lè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ni irú irọ́ yìí ń pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ pàdé lórí Facebook, tí ọ̀kan wà n'Íbàdàn tí ìkejì wà ní London, ẹ gbọ́ o.

Ọ̀dọ̀ ẹyẹlé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ sí. Akọ á fẹ ọrùn, á tẹrí ba, á máa pòyì. Bí abo bá gbà, á ki ẹnu bọ ẹnu akọ, akọ á sì fún un lóúnjẹ. Bí wọ́n bá ń kọ́ ìtẹ́, akọ á máa gbé igi tín-ínrín wá lọ́kọ̀ọ̀kan, abo á jókòó, á máa tò ó. Ẹyin méjì ni abo sábà máa ń yé, nǹkan bí ọjọ́ 18 ni wọ́n sì fi ń sàba lé e. Akọ ló ń sàba láti ìgbà tí oòrùn bá ti gòkè títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Abo á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á wà níbẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ọmọ bá jáde, oúnjẹ kan tó funfun bíi wàrà á máa ti àpò ọ̀fun àwọn méjèèjì wá, tí wọ́n á fi bọ́ ọmọ. Mo ní àwọn méjèèjì, ìyá àti baba.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yan àwọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ jókòó pín in ná: ta ni yóò dìde lóru bí ọmọ bá ń ké, ta ni yóò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́. Bí ọ̀kan nínú yín bá fi ẹ̀rín bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, ẹ sún ọjọ́ ìyàwó síwájú.