Oyún Ọ̀yà Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ọ̀yà ní Ẹnúgu yìí, ilé ẹran lẹ ń náwó lé jù. Síméńtì dáa, wáyà dáa, àmọ́ ìdí oyún ni iṣẹ́ wa wà.

Ẹ wo kàngárúù ilẹ̀ Ọsirélíà tí ẹ máa ń rí lórí fóònù. Koríko lòun náà ń jẹ, ìrọ̀lẹ́ sí òru ló sì ń jẹun jù, bíi ti ọ̀yà. Ibi ọmọ bíbí ni wọ́n ti yà. Oyún kàngárúù pupa kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 33 lọ. Ọmọ tó bí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kò nírun, kò lajú, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni yóò rá gba inú irun ìyá rẹ̀ dé inú àpò, tí yóò gbá ọmú mú, tí yóò sì wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà kó tó yọjú síta. Bí ọ̀dá bá pa ọmọ inú àpò, ìyá lè ti ní ọlẹ̀ mìíràn nínú tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò dàgbà, àfi ìgbà tí àyè bá ṣí. Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀!

Ọ̀yà ò ní àpò, kò sì lè dá oyún dúró. Nǹkan bí ọjọ́ 152 ló fi ń gbé e, tírun-tírun ni ọmọ rẹ̀ ń wáyé, ojú á ti là. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi sí ẹni tó ń lé abo olóyún káàkiri, tó fẹ́ mọ bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Ẹran tí ojora tètè ń mú ni, ìjayà ò dáa fún un.

Ẹ máa ka oṣù. Abo tó bá gboyún ní oṣù kẹwàá, oṣù kẹta ni yóò bí. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ oyún náà máa bọ́ sí. Ẹ sì mọ bí koríko Òkè Milliken àti ọ̀nà Udi ṣe ń gbẹ lásìkò ọyẹ́, tí iná á tún jó èyí tó kù. Ẹ gbin eèsún sítòsí omi kí òjò tó dá. Ẹ gé e tigi-tigi, torí ọ̀yà fẹ́ràn pòròpórò ju ewé lọ, eyín iwájú rẹ̀ tí kì í dẹ́kun àti hù sì nílò ohun líle. Èyí tí òjò bá pa, ẹ sá a kó rọ, kí inú má baà wú wọn.

Ẹ má fa ìrù ọ̀yà o, ó máa ń já. Bí olóyún bá gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, ẹ ṣílẹ̀kùn àpótí sí i, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.