Ìwé Àkọsílẹ̀ Ọdọọdún fún Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Wa

Kíkà: Nehemiah orí kẹta

Ọ̀pọ̀ wa ni a máa ń fo orí Bíbélì yìí, nítorí orúkọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: wọ́n kọ ẹni tí ó tún apá kọ̀ọ̀kan odi Jerúsálẹ́mù ṣe sílẹ̀. Ní ẹsẹ 12, wọn kò gbàgbé àwọn ọmọbìnrin Ṣallumu. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ta ni ì bá mọ̀ lónìí pé àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀?

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa. Ní 1926, dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, dá ilé ìlera kan sílẹ̀ ní Peckham níhìn-ín. Ní 1935 wọ́n kó lọ sí ilé ńlá kan ní St Mary's Road. Wọ́n ń yẹ ara gbogbo ìdílé wò, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, títí kan eré tí àwọn ọmọ ń ṣe. Owó kò tó mọ́, wọ́n ti ilé náà pa ní 1950. Síbẹ̀, ìwé wọn ṣì wà ní Wellcome Collection ní Euston Road, àwọn ènìyàn sì ń fi kọ́gbọ́n.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ èyí. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru kò bá kọ ìtọ́jú tó ṣe sílẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ láàárọ̀ yóò kà á sí ohun tí a kò ṣe.

Kí ni a ń pàdánù? Ọmọ kan lè fi ọdún méjì kọ́ àwọn kékeré ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ó bá ń wá iṣẹ́, yóò ní kí a kọ̀wé jẹ́rìí òun. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ti kó kúrò ní Peckham. Kí ni a ó kọ? Bí ọ̀dọ́ bá ṣe búburú, ìwé ìròyìn yóò gbé e lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ rere wọn, àwa ni kí a kọ ọ́.

Ohun tí a ó máa kọ:

1. Orúkọ iṣẹ́ náà, ọjọ́ àti ibi tí a ti ṣe é.
2. Gbogbo ẹni tí ó ṣe é, títí kan ẹni tí ó gbálẹ̀ tàbí tí ó to àga.
3. Owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, pẹ̀lú rìsíìtì. Òfin ilẹ̀ yìí ní kí ẹgbẹ́ aláàánú tọ́jú ìwé owó fún ọdún 6, ó kéré tán.
4. Ohun tí kò yọrí, àti ìdí rẹ̀.
5. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Kí akọ̀wé jẹ́ ọ̀dọ́, kí àgbà kan máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tí a ṣe iṣẹ́ náà, kí a sì dì í ní Oṣù Kejìlá. Àìsàn ọmọ, ìjà ilé àti ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Fọ́tò pẹ̀lú, àfi bí òbí bá gbà.

Kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ méjì, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tán ní 1897. Ìwé náà sọnù ní Ìlú Ọba. Ó kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, fi tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Bí kò bá sí wọn ńkọ́?

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá ìwé pẹ̀lú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé:

1. Iṣẹ́ wo ni ọ̀dọ́ wa ṣe lọ́dún tó kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀?
2. Ta ni ó ṣì rántí rẹ̀? Ẹ lọ bi í léèrè lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ìwé àti bírò dání.