Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Kí Ló Ń Mú Iṣẹ́ Wu Òṣìṣẹ́ Ṣe?

Yorùbá kì í rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kó kọjá láìkí i. Ẹni tó bá gba ìdí ìkòkò aró kọjá á ní, "Àrẹ̀dú o." Ẹni tó bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́ á ní, "Ojú gbooro o," onídìrí á sì dáhùn pé, "Oyà á yà o." Àgbẹ̀ náà ní tirẹ̀: "Àroko bọ́dún dé o." Bí èèyàn ò bá tiẹ̀ mọ ìkíni tó tọ́ sí iṣẹ́ kan, "Ẹ kú iṣẹ́" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí a bá kí báyìí mọ̀ pé wọ́n rí òun, wọ́n sì ka iṣẹ́ ọwọ́ òun sí.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló wà tí ẹnikẹ́ni kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Akọ̀wé owó lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó wà ní Èkó, kí ọ̀gá rẹ̀ má mọ̀ bóyá ó ga tàbí ó kúrú. Awakọ̀ tó ń fi áàpù gbé èrò ní Ìkẹjà kò ní ọ̀gá tó lè bá jà tàbí tó lè bá ṣàwàdà. Fóònù ló ń júwe ọ̀nà fún un, fóònù ló ń pín owó, fóònù náà ló sì lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń dáhùn ìpè oníbàárà pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, àmọ́ wọ́n ti fi nǹkan dí etí, oníkálukú sì kọjú sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Nínú irú iṣẹ́ báyìí, kí ló ń mú kí ara èèyàn yá láti jí lọ sẹ́nu iṣẹ́? Ẹ má tíì dáhùn pé owó ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, a ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn kan láti Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ.

Yàrá àwọn obìnrin márùn-ún

Lẹ́bàá ìlú Chicago, ní Cicero, iléeṣẹ́ ràgàjì kan wà nígbà kan tó ń jẹ́ Hawthorne Works. Western Electric ló ni ín, tẹlifóònù àti àwọn ohun èlò rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó gbòòrò jù lọ, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó nǹkan bí 40,000. Ní 1924, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ yóò pọ̀ sí i. Wọ́n fi kún iná, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Wọ́n dín iná kù, iṣẹ́ ò dín kù. Ìgbà kan wà tí wọ́n dín in kù fún àwọn obìnrin méjì títí tó fi dà bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, síbẹ̀ àwọn yẹn ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn tó ń dán an wò lójú.

Ní 1927, wọ́n mú obìnrin márùn-ún kúrò nínú gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n kó wọn sí yàrá kékeré kan, pẹ̀lú ẹnì kẹfà tó ń gbé ohun èlò fún wọn. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa to ẹ̀rọ kékeré kan tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀. Ẹ̀yà bíi 35 ló wà lára ọ̀kan, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá yá á tò ó pé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin kan jókòó tì wọ́n, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n sọ.

Wọ́n fún wọn ní ìsinmi ráńpẹ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Wọ́n fún wọn ní ìpápánu. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n tètè máa relé. Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà. Kò sí ìsinmi, kò sí ìpápánu mọ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀.

Elton Mayo, ọmọ Australia tó ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, wà lára àwọn tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin náà ti di ẹgbẹ́. Wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń kí ara wọn nílé, bó bá sì rẹ ọ̀kan, àwọn yòókù á yáwọ́ láti fi dí i fún un. Àwọn ọ̀gá náà ń bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó yí nǹkan padà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti tàn ká gbogbo ayé pé ẹni tó bá ka òṣìṣẹ́ sí, tó sì tẹ́tí sí i, yóò jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí Mayo tó dé.

Ìdajì kejì rèé. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, iṣẹ́ èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pa pọ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí obìnrin kan bá ṣiṣẹ́ kára, èrè rẹ̀ á sọnù sáàárín èrò. Nínú yàrá kékeré, àwọn díẹ̀ yẹn nìkan ló ń pín in, ohun tí ọwọ́ ẹni bá ṣe á sì hàn nínú owó ẹni. Nígbà tí wọ́n yí ọ̀nà ìsanwó padà bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn, láìkó wọn lọ sí yàrá kankan, iṣẹ́ tiwọn náà pọ̀ sí i. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1928, wọ́n yọ méjì lára àwọn obìnrin náà torí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù, wọn ò sì gba ìkìlọ̀. Àwọn méjì tí wọ́n fi rọ́pò wọn yáwọ́ jù wọ́n lọ. Nígbà tó di 2011, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Steven Levitt àti John List, tún àkọsílẹ̀ ìdánwò iná àkọ́kọ́ yẹn ṣírò, wọ́n sì rí i pé ìtàn tí gbogbo èèyàn ń sọ ti wú ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Ṣé irọ́ wá ni ìtàn náà? Lérò tèmi, rárá. Ọ̀rẹ́ àwọn obìnrin náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnu. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìkàsí àti owó jọ gbé inú yàrá kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọ̀kan san èkejì. Ọ̀gá tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, tó wá ń pín fìlà tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára, tó ní "ẹbí kan ni gbogbo wa," ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni tirẹ̀.

Ohun tí àáró mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé yìí ló mọ àáró. Àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ á para pọ̀, bóyá mẹ́fà, bóyá mẹ́wàá. Lónìí wọ́n wà lóko Lágbájá, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n wà lóko Tàmẹ̀dù, títí á fi kárí. Wọ́n á kọrin, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó bá kẹ́yìn lórí ebè á gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ebè tí ẹnì kan ì bá fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ, òòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n á fi kọ ọ́ tán.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á wá ẹmu, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Gbèsè ni àáró. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí kò lọ san án, òun nìkan ni yóò dá oko rẹ̀ ro lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ àáró bíi pé ìfẹ́ nìkan ló gbé e ró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin wà níbẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé ìṣirò ń ba orin jẹ́. Níbi iṣẹ́ òde òní, ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni àjọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yá wọn lówó ilé ìwé ọmọ, àti bí wọ́n ṣe ń wọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú ara wọn. Iléeṣẹ́ tí kò bá ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wò ó dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Ní 1977, Thomas Allen, olùkọ́ kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Ó rí i pé bí ìjókòó ẹni méjì bá ṣe ń jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń pa wọ́n pọ̀ ń dín kù. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 30, ọ̀rọ̀ wọn ti di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kó lọ sórí Zoom àti WhatsApp. Iṣẹ́ ò dúró. Ohun tó dúró ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: "Ara ọmọ ńkọ́?" "Ojú yín wú lónìí o." "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ àmàlà." Ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé orí Zoom torí pé ojú ẹnì kan wú. Bí ọ̀gá bá sì fi "OK" lásán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òṣìṣẹ́ lè fi gbogbo òru rò ó: ṣé inú ń bí i ni àbí iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn?

Kì í ṣe pé kí gbogbo èèyàn padà sí ọ́fíìsì ni mò ń sọ. Ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìfẹ́ iṣẹ́ wo ló kù lára rẹ̀? Mo sì mọ ọ́fíìsì tí tábìlì ti kan tábìlì, tí wọn kì í kí ara wọn.

Ojú ẹlẹgbẹ́ nìkan kọ́ ni òṣìṣẹ́ nílò láti rí. Ní 2007, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Adam Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló ní àwọn tó ń fi tẹlifóònù tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń sú èèyàn ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n pè ló ń kọ̀ wọ́n, àwọn kan ń bú wọn. Lára owó náà ni wọ́n fi ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wá mú ọ̀kan lára irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wá bá díẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Lẹ́yìn oṣù kan, àkókò tí àwọn tó rí i ń lò lórí fóònù lọ́sẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ, owó tí wọ́n ń rí gbà náà sì ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn tí kò rí i wà bí wọ́n ṣe wà. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn, ọ̀gá kankan ò sì ṣe ìwàásù fún wọn. Ojú ẹni tí iṣẹ́ wọn ràn lọ́wọ́ ni wọ́n rí.

Ẹ dánu dúró níbí ná, kí ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín: ta ni iṣẹ́ yín ń ṣe láǹfààní, ṣé ẹ sì ti rí ẹni náà rí?

Ọ̀rẹ́ tí ọ̀gá ò yàn

Ní Hawthorne kan náà, láti 1931 sí 1932, wọ́n wo ọkùnrin 14 tó ń so wáyà pọ̀ nínú yàrá kan. Ọ̀rẹ́ wà láàárín wọn, àwàdà wà, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́. Àmọ́ wọ́n ní iye iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sáré kọjá rẹ̀, wọ́n á gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lápá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá ṣe púpọ̀ jù, iléeṣẹ́ á dín owó kù tàbí kó dá àwọn kan dúró. Ìgbà ọ̀wọ́n ni. Iléeṣẹ́ sì padà dá òṣìṣẹ́ dúró ní tòótọ́, títí ìwádìí náà fi dópin.

Ọ̀gá tó bá ní òun fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ òun mọwọ́ ara wọn ní láti mọ èyí pẹ̀lú. Àwọn tó mọwọ́ ara wọn á jọ sọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò sì ní dùn létí rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí iléeṣẹ́ má ní gúrúùpù WhatsApp méjì: èyí tí ọ̀gá wà nínú rẹ̀, àti èyí tí kò sí. Àwọn awakọ̀ áàpù tí wọn kò ní ọ́fíìsì pàápàá rí ara wọn nídìí ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de èrò, láti orí àròyé ni wọ́n sì ti dé orí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ẹni tó bá jẹ́ olórí, bó jẹ́ olórí èèyàn mẹ́ta péré, kó máa pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, kó má ṣe tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kó mọ orúkọ rẹ̀, kó sì pè é bó ṣe yẹ. Kó sọ ibi tí iṣẹ́ àná já sí. Kó sì máa tẹ́tí sí i. Láàárín 1928 sí 1930, Hawthorne fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tó lé ní 20,000 lẹ́nu wò. Ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi wọ́n, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń yà bàrá lọ síbi tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí àwọn tó ń béèrè wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sọ ohun tó wù wọ́n, ọ̀rọ̀ tó ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di wákàtí kan àtààbọ̀.

Àmọ́ etí lásán kì í pẹ́ sú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé kò sí omi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ni kó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó tún pè é sí ìpàdé mìíràn. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ pè é, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkojú.